Ẹ̀rọ Tó Ní Ẹnu Tí Kò Ní Etí

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ kan ní ẹsẹ̀ òkè, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jí ṣáájú àkùkọ lọ.

Kì í ṣe pásítọ̀. Kì í ṣe olórin. Ohùn rẹ̀ rí bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ìjọ fún un ní agogo ọwọ́ kan, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Alágogo. Ní ìdájí, yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, yóò bá Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú agogo, tí yóò gba ojú pópó àdúgbò náà lọ, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ìdí kànga.

Ìrìn náà kì í ṣe ìrìn lásán. Ilé tí ó bá ní ẹ̀bẹ̀ nílẹ̀, alágogo yóò dúró lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Yóò mi agogo díẹ̀, yóò gbàdúrà fún wọn, yóò sì dárúkọ wọn. Òun kò ní wọlé, àwọn náà kò ní ṣílẹ̀kùn. Orí ẹní ni wọn yóò ti ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sún mọ́ fèrèsé, yóò sọ bí nǹkan ṣe rí.

“Bàbá, ibà náà ti lọ sílẹ̀ o.”

“Bàbá, ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kò tíì pè.”

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti ewúrẹ́ mi kún un. Kò sùn sílé lánàá.”

Alágogo yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi ti ewúrẹ́ kún un. Nítorí náà, àdúrà àná kì í ṣe àdúrà òní. Ohun tí ó bá gbọ́ lójú fèrèsé lónìí ni yóò gbé lọ síwájú Ọlọ́run lọ́la. Ìrì a máa mú ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ọkàn rẹ̀ a sì máa gbóná.

Obìnrin kan wà ní ojú pópó náà, ìyàwó télọ̀. Àyọ̀ká ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lóyún rí, oyún náà wálẹ̀. Ó tún lóyún, ìyẹn náà tún wálẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ láyé kò pọ̀: kí ọmọ kan ké nínú ilé náà, kí etí òun gbọ́ ọ. Ní ìdájí ọjọ́ kan, nígbà tí alágogo dúró, ó sún mọ́ fèrèsé, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Bàbá, mo tún ti fẹ́ra kù. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Má bẹ̀rù, ọmọ mi,” ni alágogo wí. “Títí ọmọ yìí yóò fi ké, mi ò ní kọjá fèrèsé yìí láì dúró.”

Ìlérí nìyẹn. Fi í sọ́kàn, ìwọ tí ò ń gbọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, ó ń dúró níbẹ̀. Nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí yọ, gbogbo àdúgbò mọ̀, gbogbo wọn sì ń bá a ṣe àmín. “Bàbá, mú oyún inú Àyọ̀ká dúró,” ni ó máa ń wí. “Di ọmọ náà mú gbọn-in-gbọn-in. Má jẹ́ kí ó yẹ̀, má jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀.” Àdúrà tí ó yẹ kí a gbà nìyẹn ní àkókò náà. Oyún náà sì dúró.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ dé.

Olórí ọ̀dọ́ ìjọ náà ti kọ́ iṣẹ́ iná ní ìlú ńlá. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá kan wá, ó so ẹnu rẹ̀ mọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ ojú rẹ̀ sí àdúgbò. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ: ẹ̀rọ náà dára. Ẹni tí ó wà lóko pàápàá ń gbọ́ ọ. Èmi kò bá ẹ̀rọ jà. Òun ni mo fi ń wàásù fún àwọn tí wọ́n máa ń sáré lọ jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, kí wọ́n lè tètè jáde.

Wọ́n ní kí alágogo jẹ́ alága ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ó jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ ìjọ tó wà lórí fóònù. Wọ́n tún fi í sínú ìgbìmọ̀ jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ àga, wọ́n sì fi í sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa rí sí àwọn ìgbìmọ̀ yòókù. Oyè pọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹrù lórí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ti ń dé láti ìpàdé kan ni òmíràn yóò máa dúró dè é. Ọjọ́ kan ó sùn gbàgbé lórí àga níbi ìpàdé, agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí ọ̀dọ́ ṣàánú rẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń yọ ara yín lẹ́nu? Ẹ jẹ́ kí n gba ohùn yín sílẹ̀. Ẹ gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀rọ á máa gbà á ní ìdájí, á máa tan ara rẹ̀, á máa pa ara rẹ̀.”

“Ṣé Ọlọ́run á gbọ́ ọ báyẹn?”

“Ṣebí ohùn yín náà ni, Bàbá.”

Alágogo rò ó síwá sẹ́yìn, kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó gbàdúrà. Àdúrà náà gbóná. Omi bọ́ lójú rẹ̀, olórí ọ̀dọ́ pàápàá nu ojú. Ó bẹ Ọlọ́run fún òjò, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó bẹ̀bẹ̀ fún àgbẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé tó rin ìrìn àjò lọ sí Òkè Ọya. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó wá bẹ̀bẹ̀ fún Àyọ̀ká: Bàbá, mú oyún náà dúró. Di ọmọ náà mú gbọn-in-gbọn-in. Má jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìdájí tó tẹ̀lé e, ohùn alágogo ti orí òrùlé wá bí àrá. Gbogbo ìlú jí. Àwọn ará abúlé òdìkejì odò pàápàá ṣe àmín. Alágogo fúnra rẹ̀ wà lórí ibùsùn, aṣọ bò ó dé àyà, ó ń gbọ́ bí òun ṣe ń gbàdúrà. Ó wú u lórí.

“Àmín!” ni ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Baálé mi, ara yín lẹ ń ṣe àmín sí?”

“Àdúrà tó bá ti dára, àmín kì í bèèrè ẹni tó gbà á.”

Ó fi agogo kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fún ìgbà díẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, wo ohun tó tẹ̀lé e. Àkókò tí ó fi ń rìn lójú pópó ṣófo sílẹ̀. Àkókò kì í ṣófo pẹ́. Fóònù wọ inú rẹ̀. Bí alágogo bá ti lajú, yóò fi àwòrán òdòdó kí ìjọ. Yóò dáhùn àwọn tó fi àwòrán òdòdó kí òun. Yóò ka ẹjọ́ lórí àwọ̀ tí àga tuntun yóò jẹ́, nítorí ìdajì ìjọ fẹ́ pupa, ìdajì fẹ́ aró. Yóò parí ìjà. Yóò kéde ìpàdé. Kí ó tó gbé ojú sókè, oòrùn ti yọ. Àti ìkúnlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ìyẹn tí ó máa ń ṣe kí ó tó mú agogo, kò rántí ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀. Kò tilẹ̀ jọ pé ó fi í sílẹ̀. Ó kàn ń sún un síwájú ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, yóò ní, “Iṣẹ́ Ọlọ́run náà ni.” Kò sì purọ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Òun àti Ọlọ́run tó ni iṣẹ́ ni wọn kò rí ara wọn mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ dáadáa, gbogbo ènìyàn yọ̀. Ó tún rọ̀. Ó rọ̀ títí tí àgbàrá fi gba ẹ̀yìnkùlé. Ní ìdájí, ẹ̀rọ ń ké lórí òrùlé nínú òjò: “Olúwa, ṣí fèrèsé ọ̀run! Rọ òjò fún wa!” Ọkùnrin kan tí ó ń fi korobá gbọ́n omi kúrò nínú yàrá rẹ̀ na ọwọ́ sókè.

“Alágogo, ó tó! Ẹ ní kó ti fèrèsé náà!”

Ọ̀gá ilé ìwé ti dé láti Òkè Ọya. Ó jókòó ti ògì àti àkàrà, ẹ̀rọ sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó mú un délé láyọ̀. “Mo ti dé láti oṣù tó kọjá!” ni ó ké, àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ náà ti san, ó ti ń gun igi kòkó. Ní ti ewúrẹ́, ó ti padà wálé fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti fi ṣe ọdún Àjíǹde. Ẹni tó ni ín ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń pe ewúrẹ́ náà pé kí ó padà sílé, ó fọwọ́ pa ikùn. “Ilé wo ni kó tún padà sí? Inú wa ló wà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an ní ojú pópó náà. Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí ohun tí ẹ̀rín náà gbà lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dẹ́kun ìjókòó lórí ẹní. Wọ́n ń ṣe àmín láti inú oorun. Lẹ́yìn náà wọ́n ń yí ẹ̀gbẹ́ padà. Lẹ́yìn náà wọn kò ṣe àmín mọ́. Kò sì sí ẹni tó sún mọ́ fèrèsé láti sọ pé nǹkan ti yí padà, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ náà ní ẹnu ńlá. Kò ní etí.

Oṣù Àyọ̀ká pé. Ìrètí mú kí ojú rẹ̀ máa dán, ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ó sùn. Lójoojúmọ́, ní ìdájí, yóò dúró ti fèrèsé rẹ̀, yóò tẹ́tí sí ẹsẹ̀ alágogo. Ẹsẹ̀ kò dún. Ohùn ló ń dún lórí òrùlé: Di ọmọ náà mú. Má jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún un kọjá. Ọmọ kò ní in lọ́kàn láti wá. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó wá láti oko láti dúró tì í, kò fẹ́ràn ohun tí ó ń gbọ́ rárá.

“Irú àdúrà wo nìyí? Àwọn ọ̀tá ló máa ń di oyún. Ìjọ wa náà ti wá ń dì í?”

Àyọ̀ká mú fóònù. Ó kọ̀wé sí alágogo: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Oṣù mi ti pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí àdúrà mi padà.” Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sáàárín òdòdó àti àga. Alágogo rí orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò kà á dé ìsàlẹ̀. Ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ránṣẹ́ padà, èyí tí gbogbo wa máa ń fi ránṣẹ́.

“Ó ti gbọ́,” ni ọkọ Àyọ̀ká wí.

Àyọ̀ká wo ọwọ́ méjèèjì náà. “Ó dáhùn ni,” ni ó wí. “Kò gbọ́.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ dá alágogo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin àgbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Alágogo, ìyàwó télọ̀ ń bèèrè rẹ.”

“Ìyá, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mo fẹ́ sáré wọ ìpàdé ni.”

“Ìpàdé kí ni?”

“Bí àdúrà wa ṣe máa tàn kálẹ̀ sí i. A fẹ́ ra ẹ̀rọ kejì.”

Ìyá Ìjọ wò ó láti òkè délẹ̀. “Ó ti tàn kálẹ̀, ọmọ mi. Ó tàn kálẹ̀ títí ó fi ṣàn bí ògì tí wọ́n da omi lé.”

Alágogo rẹ́rìn-ín, ó wọ ìpàdé lọ.

Ìrọbí mú Àyọ̀ká. Nọ́ọ̀sì dé, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ohun gbogbo dára, ọmọ ti dojú kọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn ti ìṣáájú wà lára obìnrin náà. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ó ti ọmọ, ẹ̀rù á bà á, á fà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mú bọ̀ sípò ni ìdájí dé, tí ẹ̀rọ tan ara rẹ̀.

“Bàbá, mú oyún inú Àyọ̀ká dúró! Di ọmọ náà mú gbọn-in-gbọn-in! Má jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀!”

“Yéè!” ni Àyọ̀ká ké. “Wọ́n tún ti dì í mú! Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀!” Ó di ẹsẹ̀ pọ̀. Kò gbọ́ ti nọ́ọ̀sì mọ́.

Ìyá ọkọ bọ́ sí ìta, ó ń bú òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Télọ̀ fa sísọ́ọ̀sì ńlá tí ó fi ń gé aṣọ yọ.

“Mo ń lọ gé wáyà ẹ̀rọ yẹn!”

“Kí iná gbé ọ, kí n wá ní aláìsàn méjì?” ni nọ́ọ̀sì wí láì yíjú. “Fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lọ pe ẹni tó ni ohùn.”

Télọ̀ sáré. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé alágogo, ó kan pákó. Wò ó bí ayé ṣe yí po: ẹni tí ó ń dúró lábẹ́ fèrèsé àwọn ènìyàn, òun ni ènìyàn wá dúró lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Alágogo wà lórí ibùsùn, ìmọ́lẹ̀ fóònù wà lójú rẹ̀, ó ń kí ìjọ.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa pa ẹnu yín dé.”

“Ẹnu mi? Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti jí.”

“Ẹ gbọ́, Bàbá.”

Alágogo tẹ́tí. Ó pẹ́ tí ó ti tẹ́tí kẹ́yìn. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó ń sunkún lórí òrùlé, tí ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ má sọ̀ kalẹ̀. Àmín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ó ṣe mọ́ ọn lára. Ó gbé e mì.

“Ibo ni oyún náà dé?”

“Ó ń rọbí, Bàbá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.”

Alágogo ju fóònù sílẹ̀. Kò wá bàtà. Ó sáré dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó pa ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́ bo àdúgbò. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló sì jí àwọn ènìyàn, nítorí ariwo ti mọ́ wọn lára débi pé wọ́n ń fi sùn. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. “Kí ló dé? Ta ló kú?”

Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó já agogo kúrò lára ìṣó, ó mì í. Agogo dún kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń lu ìkòkò tó sán. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀, ahọ́n agogo kò lè mira. Ó gbá a mọ́ ògiri. Amọ̀ bọ́. Agbọ́n kan jáde láti bèèrè ẹni tó wó ilé rẹ̀, ó sì ta á ní etí. Alágogo kò dúró fọwọ́ pa á. Ó ń mi agogo lọ lójú pópó, agogo ń dún gbanranran, etí rẹ̀ ń wú.

Ó dé abẹ́ fèrèsé Àyọ̀ká. Ó dúró. Ó la ẹnu. Ohun tó sì jáde ni, “Bàbá, mú oyún inú Àyọ̀ká…”

“Hàáà!” ni Àyọ̀ká ké láti inú. “Ẹ tún gbé e dé!”

Ó pa ẹnu dé. Ó wá àdúrà mìíràn nínú ara rẹ̀, kò rí. Ẹ̀rọ ti gbà á tán. Ọkùnrin tí ó ti ń gbàdúrà láti ìgbà èwe rẹ̀ dúró lábẹ́ fèrèsé, kò mọ ohun tí yóò wí, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti bèèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kẹ́yìn. Ó fi orí ti ògiri.

“Àyọ̀ká, ọmọ mi,” ni ó wí. “Dárí jì mí. Kí ni kí n bá ọ sọ fún Ọlọ́run?”

“Ẹ ní kó jáde, Bàbá! Kó jáde!”

“Olúwa,” ni alágogo wí, “kó jáde.”

Kò gba àdúrà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ilé dé ilé, àmín dáhùn, àmín gidi, láti ẹnu àwọn tó ti jókòó. Ó mi agogo. “Olúwa, kó jáde láyọ̀!” Ìyá Ìjọ dé, ó ń di ìró rẹ̀ bọ̀ lọ́nà. Ọ̀gá ilé ìwé dé. Àgbẹ̀ náà dé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti san. Olórí ọ̀dọ́ dé, ó wọ aṣọ ìlékè rẹ̀ ní òdì. “Kó jáde!” ni gbogbo wọn ń wí. Nínú ilé, Àyọ̀ká gbọ́ agogo, ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn alààyè. Ara rẹ̀ rọ̀.

“Ẹ má dákẹ́ o!” ni nọ́ọ̀sì ké. “Ó ti ń gbọ́ tèmi báyìí!”

Wọn kò dákẹ́. Ọmọ náà jáde. Ó ké.

Alágogo wà lábẹ́ fèrèsé nígbà tí ó ké. Ìlérí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí ó fọ́, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá a gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ kan sì rí bí àkàrà. Nígbà tí wọ́n ti tọ́jú ìyá àti ọmọ tán, Àyọ̀ká ní kí wọ́n gbé òun sún mọ́ fèrèsé.

“Bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. “Èyí tí ẹ ti ń gbà láti ẹ̀ẹ̀rùn, àsìkò rẹ̀ ti tó báyìí. Ẹ ní kó dúró.”

Ẹ̀rín bú jáde lójú pópó. Alágogo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. “Bàbá, mú ọmọ yìí dúró,” ni ó wí. “Di ọmọ náà mú gbọn-in-gbọn-in.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ kí ó tó sọ ọ́.

Títí di òní, Kójáde ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé ìsàmì. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí òrùlé. Ó ń kéde ìpàdé, ó ń kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ń ṣe dáadáa. Alágogo ṣì wà nínú ìgbìmọ̀ kan, ó ti fi àwọn yòókù lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n sì ti fẹnu kò sí àga aláwọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó jí, alágogo ti kúnlẹ̀, ó ti rìn, ó ti bọ̀ láti ìdí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti tutù fún ìrì.

Wàyí o, arákùnrin mi, arábìnrin mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀. Ìwọ tí ò ń to àga, tí ò ń tan iná, tí ò ń ya fọ́nrán ìsìn, tí ò ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ gbogbo kí o tó bọ́jú. O kú iṣẹ́. Mi ò ní kí o fi í sílẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: àdúrà tí ò ń gbà, ìgbà wo lo gbà á sílẹ̀? Ṣé òní ni, àbí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan ni, nígbà tí ọkàn rẹ ṣì gbóná, tí o wá ń tẹ̀ ẹ́ kó máa dún láti ìgbà náà? Àwọn ará ilé rẹ, ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ fún nísinsìnyí? Wọ́n ń ké pé kó jáde, ìwọ ń sọ pé kó dúró. Ọlọ́run pẹ̀lú ní ohun tí ó fẹ́ sọ fún ọ, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń sún mọ́ fèrèsé.

Má ṣe dá fóònù rẹ lẹ́bi. Agogo ni kí o lọ wò. Ó wà níbi tí o fi í kọ́ sí. Lọ́la, kí o tó tan ohunkóhun, kúnlẹ̀, já a kúrò lára ìṣó, gbá amọ̀ inú rẹ̀ dànù. Bí agbọ́n bá jáde tí ó ta ọ́ ní etí, má bínú. Dúpẹ́ pé o ṣì ní etí.